Ẹnu Ta Ni Ó Ka Ìwé Lójú: Ìtàn Àtúnṣe Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Ológun ní Amẹ́ríkà

Nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwé ni ó máa ń sọ ẹni tí sójà jẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀. Láti ọdún 1950 ni ẹni tó bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti ń gba ìwé tí a mọ̀ sí DD 214, èyí tí ó ń ṣàkópọ̀ ọjọ́ tó wọṣẹ́, ibi tó ti sìn, ipò tó dé àti àmì ẹ̀yẹ tó gbà, tí ó sì ń sọ bóyá ìjọba ka ìjáde rẹ̀ sí èyí tó ní ọlá tàbí èyí tó ní àbùkù. Ìlà kan ṣoṣo yìí ló ń pinnu bóyá yóò rí ìtọ́jú gbà ní ilé ìwòsàn àwọn ológun fẹ̀yìntì, bóyá ìjọba yóò ṣe onígbọ̀wọ́ fún un nígbà tó bá fẹ́ yá owó kọ́lé, àti bóyá wọn yóò sin ín sí itẹ́ òkú àwọn ológun. Nítorí náà, ìtàn bí a ṣe ń tún àkọsílẹ̀ yìí ṣe jẹ́ ìtàn bí òfin ṣe fún sójà lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, láti ta ko ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ti kọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé tí ó jà láti ọdún 1861 sí 1865, àṣìṣe pọ̀ nínú ìwé orúkọ àwọn ọmọ ogun, èyí tí ẹgbẹ́ ogun kọ̀ọ̀kan máa ń kọ ní oṣù méjì méjì láti fi mọ ẹni tó wà níbùdó àti ẹni tí kò sí. Sójà tí àìsàn dá dúró lọ́nà, tàbí tí ó gba ilé ìwòsàn lọ sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí, lè gbọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sá lẹ́nu iṣẹ́, kí owó ìfẹ̀yìntì sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ irú wọn ń tọ̀ ni pé kí wọ́n bẹ aṣòfin agbègbè wọn kí ó gbé àbá òfin aládàáni wá, ìyẹn òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ń ṣe nítorí ẹnì kan ṣoṣo tí a dárúkọ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1889, òfin kan jẹ́ kí Ilé Iṣẹ́ Ogun fúnra rẹ̀ lè pa ẹ̀sùn sísá rẹ́ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn bá bá ìlànà mu, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì fi Fred Ainsworth, oníṣègùn ológun, ṣe olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì. Òun ni ó mú kí wọ́n da ohun tó wà nínú àwọn ìwé tó ti ń gbó náà kọ sórí káàdì, kí gbogbo ohun tó kan sójà kan lè wà lójú kan.

Ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn adúláwọ̀, tí nǹkan bí 179,000 wọn jà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú, tí ó jẹ́ pé orúkọ olówó wọn ni wọ́n fi wọṣẹ́, tí wọ́n sì yan orúkọ mìíràn lẹ́yìn ogun. Nígbà tí opó irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá béèrè owó tó tọ́ sí i, orúkọ tó mú wá kò ní bá ti inú ìwé mu, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ìwé ìgbéyàwó tí yóò tọ́ka sí, àfi kí àwọn tó bá ọkọ rẹ̀ jagun jẹ́rìí níwájú aṣojú ìjọba pé ẹnì kan náà ló ni orúkọ méjèèjì. Ìlànà tó wà lẹ́yìn èyí kò tíì yí pa dà títí di òní: ohun tí ìjọba bá kọ ni a ó kọ́kọ́ gbà ní òtítọ́, ẹni tó bá sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò wá ẹ̀rí wá.

Ẹjọ́ méjì fi hàn bí àtúnṣe ṣe ṣòro tó nígbà tí kò tíì sí ìgbìmọ̀ kankan fún un. Henry Flipper, tí wọ́n bí sínú ẹrú ní Georgia, ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ológun West Point, ní ọdún 1877. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní Texas pé ó kó owó ìjọba jẹ. Ilé ẹjọ́ ológun ní kò jẹ̀bi ìyẹn, síbẹ̀ wọ́n dá a lẹ́bi pé ó hu ìwà tí kò yẹ ọ̀gá ológun, wọ́n sì lé e ní 1882. Ó ń bá àwọn aṣòfin sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ nǹkan kan títí ó fi kú ní 1940. Èkejì ni ti Brownsville, ní Texas kan náà, níbi tí ìbọn ti dún lóru ní oṣù Kẹjọ ọdún 1906, tí ẹnì kan sì kú. Àwọn sójà adúláwọ̀ tó wà níbùdó ibẹ̀ ni wọ́n fura sí. Nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó jẹ́wọ́ tàbí tó tọ́ka sí ẹlòmíràn, Ààrẹ Theodore Roosevelt pàṣẹ kí wọ́n lé 167 nínú wọn láìsí ọlá, láìgbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ẹjọ́. Sẹ́nétọ̀ Joseph Foraker jà fún wọn, ṣùgbọ́n 14 péré ni wọ́n gbà pé ó lè pa dà sẹ́nu iṣẹ́.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1941 sí oṣù Kẹfà ọdún 1945, ilé iṣẹ́ ológun fún àwọn sójà tó lé ní 48,000 ní ìwé aláwọ̀ búlúù, ìyẹn ìwé ìjáde tí kò sọ pé ọlá wà níbẹ̀, tí kò sì sọ pé àbùkù ni, tí ọ̀gá sì lè fún ènìyàn láìgbẹ́jọ́. Adúláwọ̀ kò ju nǹkan bí ìpín 6.5 nínú 100 lọ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun, ṣùgbọ́n àwọn ló gba nǹkan bí ìpín 22 nínú 100 àwọn ìwé náà. Àwọn tí wọ́n fura sí pé ọkùnrin bíi tiwọn ni wọ́n ń fẹ́ náà gbà á lọ́pọ̀. Ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier gbógun ti àṣà yìí, wọ́n sì fòpin sí i ní 1947. Kí ó tó di ìgbà náà, òfin ọdún 1944 tó ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn tó ti ogun dé ti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí yóò máa tún irú ìjáde yẹ̀ wò. Òfin ọdún 1946 tó ṣàtúntò Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wá fòfin de àbá aládàáni lórí àkọsílẹ̀ ológun, torí pé ó ń gba àkókò àwọn aṣòfin, ó sì gbé agbára náà fún àwọn ìgbìmọ̀ alágbádá, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í ṣe ológun, kí wọ́n lè tún àṣìṣe ṣe tàbí kí wọ́n mú ìwà àìtọ́ kúrò. Ní 1951 ni òfin tún gbà pé kí wọ́n san owó tó bá tọ́ sí ẹni tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ yí pa dà. Ọdún mẹ́ta ni olùbéèrè ní láti ìgbà tó bá ti rí àṣìṣe náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ lè mójú kúrò bí ó bá pẹ́.

Ẹ̀rí tí òfin ní kí sójà mú wá kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná ṣẹ́ yọ ní àjà kẹfà ilé tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ológun pa mọ́ sí nítòsí St. Louis, ó sì jó fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18. Nínú rẹ̀ ni nǹkan bí ìpín 80 nínú 100 fáìlì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín 1912 sí 1960 wà, láìsí ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Láti ìgbà náà ni àwọn akọ̀wé ti ń fi ìwé owó oṣù, ìwé ilé ìwòsàn àti ìròyìn ojoojúmọ́ ẹgbẹ́ ogun to ìtàn ẹni kọ̀ọ̀kan pa dà, ìwé ìjáde tí sójà sì rọra tọ́jú sínú àpótí nílé rẹ̀ di ẹ̀rí tó lágbára ju ti ìjọba lọ.

Àwọn ẹjọ́ àtijọ́ náà rí ìdáláre, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kọ́ ló ń wá wọn kiri. Ìwé tí John Weaver kọ lórí Brownsville ní 1970 ló ta aṣòfin Augustus Hawkins jí, tí ilé iṣẹ́ ológun fi dá àwọn sójà náà láre ní 1972. Dorsie Willis, tó ti ń nu bàtà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Minneapolis, gba 25,000 dọ́là. Ní 1976, ìgbìmọ̀ sọ ìjáde Flipper di èyí tó ní ọlá, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lágbára láti pa ìdálẹ́bi rẹ́, títí Ààrẹ Clinton fi dárí jì í ní 1999. Ìwádìí akọ̀ròyìn kan, Jack Hamann, ló sì mú kí ìgbìmọ̀ fagi lé ìdálẹ́bi 28 sójà adúláwọ̀ ti ibùdó ológun Fort Lawton ní 2007, nítorí pé olùpẹjọ́ kò fi ẹ̀rí pàtàkì han agbẹjọ́rò méjì péré tó gbèjà àwọn 43 tí wọ́n kó lọ sílé ẹjọ́ ní 1944 lórí rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Samuel Snow, ọ̀kan nínú wọn, kọ́kọ́ gba 725 dọ́là láìsí èlé, ó sì kú ní 2008, ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n kéde ọlá rẹ̀. Ní 2023 ni wọ́n tó fagi lé ìdálẹ́bi 110 sójà ti Houston, tí wọ́n ti yẹgi fún 19 nínú wọn lẹ́yìn ìjà ọdún 1917.

Yorùbá gbà pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Níhìn-ín, ó gba ọdún 66 fún Brownsville, 94 fún Flipper, 106 fún Houston, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ni ẹjọ́ kò sì sí láyé mọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ ń dúró de ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ sì nílò ẹni tó lówó, tó lákòókò, tàbí tó ní alágbàwí. Ìlànà tí Chuck Hagel, akọ̀wé ètò ààbò nígbà náà, gbé jáde ní 2014 dín ẹrù yìí kù díẹ̀, torí ó ní kí ìgbìmọ̀ máa fi ojú àánú wo àwọn tí ìpayà ojú ogun dà lọ́kàn rú, pàápàá àwọn tó ja ogun Vietnam, tí àwọn oníṣègùn kò tíì fún àìsàn wọn lórúkọ kí ó tó di 1980. Síbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ìjọba ló ń kọ ìwé, tí òun náà ló ń tọ́jú rẹ̀, tí sójà sì ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé kò tọ́, àtúnṣe yóò máa tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní alágbàwí, yóò sì máa pẹ́ kó tó kan àwọn tí àṣìṣe náà pa lára jù lọ.