Bí ẹ̀rọ wẹ́dà bá ń da máòsì kọ̀ǹpútà yín láàmú

Máòsì kú lójijì, kíbọ́ọ̀dù ò dáhùn, àṣé wẹ́dà tàbí káfíńtà ìtòsí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ. Ẹ̀yin oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìresà-Adú àti Ìresà-Apá, ẹ má tíì sáré ra òmíràn. Mọ́tò gíríńdà máa ń ta iná pàràpàrà nínú. Ariwo tó ń dún ṣàà nínú rédíò AM náà ni. Ó ń gba wáyà iná wọlé, ó sì ń gba afẹ́fẹ́.

Ẹ yọ láptọ́ọ̀pù àti pírńtà kúrò lára iná, kí ẹ lo bátìrì. Bí wàhálà bá dáwọ́ dúró, wáyà iná ló gbà wọlé: kí oníná fa ìlà ọ̀tọ̀ fún yín, kó sì yẹ wáyà ilẹ̀ wò. Bí ò bá dáwọ́ dúró, ẹ lo wáyà USB kúkúrú, kó jìnnà sí wáyà wẹ́dà.

Fúláàṣì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: bó bá já nígbà tí fáìlì ń wọ inú ẹ̀, fọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ lè bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà pa ẹ̀rọ ná.