Àwa Rewáyà àti Mọ́tò Tó Ń Sọ̀rọ̀

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní ọ̀nà Badagry l'Ékòó, ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna. Ara ọkọ̀ ìjàpá àti 504 ni ìran àwọn ọ̀gá mi ti kọ́ṣẹ́ rewáyà, iṣẹ́ àtúnṣe iná mọ́tò. Kọ́ńtáàtì pọ́íǹtì inú dísítíríbútọ̀ ló ń darí iná tó ń sun epo nígbà náà. Bó bá jó, wọn á fi sáńpépà ha á, wọn á tún àlàfo rẹ̀ ṣe, àlàfo tí kò tó ìdajì mìlímítà. Ọ̀gá tèmi kì í wọ̀n ọ́n. Yóò tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, yóò yí síkúrúù díẹ̀, yóò tún tẹ́tí. Etí lásán ló fi ń ṣe é, kì í sì í tàsé.

Lókè òkun, ayé ti ń yí padà. Waya ti pọ̀ jù nínú mọ́tò, torí pé ẹ̀yà tó bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní waya tirẹ̀. Ní 1986, Bosch ti Jámánì gbé CAN jáde ní Detroit: waya méjì péré tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí gbogbo kọ̀ǹpútà inú mọ́tò jọ ń gbà sọ̀rọ̀. Láti 1996, òfin Amẹ́ríkà ní kí mọ́tò tuntun ní ihò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógún lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí wọn yóò ti máa ka àìsàn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2008, CAN ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ máa sọ níbẹ̀.

Àwọn mọ́tò wọ̀nyí ló di tòkunbọ̀ tó ń dé ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin. Bọ́tìnnì OnStar tí ilé iṣẹ́ GM bẹ̀rẹ̀ ní 1996, tí wọ́n fi ń pe ìrànlọ́wọ́ láti inú mọ́tò, wà lára dígí àwọn mìíràn, àmọ́ bí èèyàn tẹ̀ ẹ́ níbí, kò sẹ́ni tó máa dáhùn.

Mọ́tò tó ń sọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn wọlé tọ̀ wá. GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, tíráká sì tẹ̀lé e. Sátẹ́láìtì GPS ló ń sọ ibi tí mọ́tò wà fún un, síìmù ló fi ń ròyìn rẹ̀ fún olówó mọ́tò. Ta ló ń so ó? Àwa rewáyà ni. Waya pupa lọ sí bátìrì, dúdú lọ sí bọ́dì, ẹ̀kẹta lọ sí ibi kọ́kọ́rọ́, èyí tó kù lọ sórí rìlé tó dábùú ọ̀nà iná pọ́ǹpù epo. A ó fi téèpù dúdú wé e mọ́ àwọn waya tó ti wà níbẹ̀ kí olè má baà dá a mọ̀. Bí olè bá gbé mọ́tò lọ, olówó rẹ̀ á fi tẹ́ksítì kan ránṣẹ́, rìlé á gé iná, ẹ́ńjìnnì á kú. (Mo máa ń kìlọ̀ fún oníbàárà pé kó má ṣe é nígbà tí mọ́tò ń sáré: sítíárì á le, búréèkì náà á le.) Iṣẹ́ ọwọ́ wa nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìtàn mọ́tò ní ilẹ̀ yìí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan ṣì ń gé waya CAN lágéèétán, wọ́n á tún fi tíráká há a lórí, mọ́tò olówó iyebíye á sì kọ̀, kò ní jí mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ dákun, ẹ fi mítà lé wọn lọ́wọ́. Kí wọ́n yọ bátìrì, kí wọ́n fi ẹnu mítà sí ẹsẹ̀ 6 àti 14 nínú ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá ka nǹkan bí 60 ohm, CAN pé. Bó bá ka 120, apá kan ti já. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ èyí dájú kí ẹ tó ṣe fírídọ̀mù fún wọn.