Àlejò, Onílé àti Fúláàtì ní Ìgboro Ṣágámù

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbà ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá san owó fúláàtì ní àdúgbò àtijọ́ kan ní Ṣágámù, kí ni ó gbà ní tòótọ́? Ṣé iyàrá àti kọ́kọ́rọ́ nìkan ni, àbí ó gba àdúgbò mọ́ ọn?

Ìtàn ìlú náà ni yóò dá wa lóhùn. Ní ọdún 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá fi ibùdó wọn àtijọ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì para pọ̀ sí ojú kan, kí ogun má baà mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n para pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ara wọn nù. Ọ̀fìn tí í ṣe ti Akárìgbò, Màkún, Ṣónyìndó àti àwọn yòókù, kálukú di orúkọ àti àṣà rẹ̀ mú. Àdéhùn àwọn aládùúgbò ni ó dá Ṣágámù sílẹ̀.

Láyé ìgbà náà, àlejò tó bá fẹ́ gbé inú ìlú ní láti rí ẹni tí yóò gbà á sílé. Baálé yóò fún un ní iyàrá nínú agbo ilé, olùgbàlejò rẹ̀ yóò sì dúró fún un. Ẹni yìí ni yóò sọ èèwọ̀ àdúgbò fún un, àti ọjọ́ tí a kì í jáde. Bí àlejò bá ṣẹ̀, olùgbàlejò ni àwọn àgbà yóò kọ́kọ́ pè.

Nígbà tó yá, òwò obì fa àwọn Haúsá wá, wọ́n sì tẹ̀dó sí Sábó. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣágámù. Ọdún náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ní 1986, ilé-ìwòsàn yunifásítì ìpínlẹ̀ Ògùn dé. Òṣìṣẹ́, nọ́ọ̀sì àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ilé. Àwọn ọmọ onílé bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri amọ̀, wọ́n ń kọ́ fúláàtì tó ní ilé ìdáná àti balùwẹ̀ tirẹ̀. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n alágbàtà tó gba owó kò dúró fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti fi kọ́kọ́rọ́ léni lọ́wọ́, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Ní oṣù Keje ọdún 1999, ọ̀rọ̀ ọdún Orò dá ìjà sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Haúsá ní Ṣágámù. Ẹ̀mí ṣòfò, ẹ̀san rẹ̀ sì dé Kánò. Gbòǹgbò ìjà náà pọ̀, a kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi rẹ̀ ru ilé yíyá. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ènìyàn lè pẹ́ ní ìlú, kí ohùn òun àti onílé má sì ṣọ̀kan lórí òru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí kò tìtorí èyí parẹ́. Bí ọmọ kan bá dá gba owó ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀, ọbàkan rẹ̀ lè mú àgádágodo dé lọ́la. Ayálégbé tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ ni ẹrù rẹ̀ yóò wà níta.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí ayálégbé béèrè ẹni tí ẹbí fún láṣẹ láti gba owó, kí ó sì gba ìwé àdéhùn àti rìsíìtì. Kí onílé sọ ọjọ́ àti èèwọ̀ àdúgbò kí ó tó gba owó, kí ẹni tí kò bá lè gbà á tètè wá ilé síbòmíràn. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ bi àwọn àgbà léèrè: báwo ni agbo ilé yín ṣe gba àlejò àkọ́kọ́? Ohun tí olùgbàlejò ń fẹnu sọ nígbà náà ni ó yẹ kí á máa kọ sínú ìwé àdéhùn báyìí.