Bí Wọ́n Ṣe Ń Di Abọ́ Igi Mú Lórí Ẹ̀rọ Ìyígi

Lórí ẹ̀rọ ìyígi, igi ló ń yí, irin mímú ló sì ń họ ọ́ di abọ́. Ìdí abọ́ ló máa ń le jù láti parí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ti ń dì í mú. Kí ìdí náà tó lè dán, wọ́n ní láti dojú abọ́ délẹ̀, kí wọ́n sì wá ibòmíràn mú láìdá ọgbẹ́ sí i lára.

Ẹ̀rọ ìyígi ti pẹ́ láyé. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ibojì Petosiris ní Íjíbítì, èyí tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kírísítì. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ irú èyí tí wọ́n ń lò: okùn á yí igi síwájú, ọ̀pá gígùn tó ń tẹ̀ lókè á sì fà á padà. Ṣóńṣó irin méjì ló ń há igi mọ́ àárín, nítorí náà kókó igi máa ń ṣẹ́ kù tí wọ́n á fọwọ́ gé kúrò. George Lailey ṣì ń lo irú ẹ̀rọ yìí ní Bucklebury Common, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí ó fi kú ní 1958.

Àwo irin onísíkúrù ni ọ̀pọ̀ lò lẹ́yìn náà. Ó ń di igi mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n ó ń dá ihò sí ìdí abọ́. Àwọn mìíràn fi gúlúù lẹ abọ́ mọ́ pátákó, wọ́n sì fi bébà sáàárín kí ó lè rọrùn láti là. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, irin ìdìmú eléyín mẹ́rin gbilẹ̀. Eyín rẹ̀ jọ ń sún pọ̀, wọ́n sì jọ ń fẹ̀. Ilé iṣẹ́ Oneway ní Stratford, ní Ontario, wà lára àwọn tó ń ṣe é ní Kánádà. Síbẹ̀, kùkùté tí eyín náà ń mú ní ìdí abọ́ gbọ́dọ̀ kúrò nígbẹ̀yìn.

Fún èyí, wọ́n lè ti ẹnu abọ́ bọ inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sára igi mìíràn, tàbí kí wọ́n fi àwọn kókó rọ́bà mú etí rẹ̀. Irú kan tí wọ́n ń pè ní Longworth, tó ti Ọsirélíà wá, ní àwo méjì tó ń sún gbogbo rọ́bà náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀nà mìíràn ni pọ́ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú abọ́, kí afẹ́fẹ́ ìta lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ìfamọ́ tó wà lára ẹ̀rọ. Bí ìlú bá ṣe ga tó wá kan ọ̀rọ̀ níbí. Ìlú Calgary ní Kánádà ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí mítà 1,045. Agbára afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kilopascal 89, nígbà tí ti Èkó sún mọ́ 101. Bí ẹnu ìfamọ́ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15, tí kò sì sí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀ mọ́, agbára tí yóò dì í mú ní Èkó tó ìwúwo kílò 182. Ní Calgary, kò ju 161 lọ. Ẹnu ìfamọ́ tó fẹ̀ sí i ló lè dí àlàfo yìí.

Afẹ́fẹ́ Calgary tún gbẹ, pàápàá nígbà tí atẹ́gùn Chinook bá ń fẹ́ wá láti Òkè Rocky. Abọ́ tí wọ́n fi igi tútù ṣe lè gbẹ kíákíá, kí ó sán tàbí kí ẹnu rẹ̀ wọ́, kí afẹ́fẹ́ sì máa jò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n á jẹ́ kó gbẹ fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n tó tún un yí. Bí wọ́n bá ń parí ìdí rẹ̀, ṣóńṣó irin ẹ̀yìn ló ń tì í lẹ́yìn títí yóò fi ku kókó kékeré kan, tí wọ́n á gé, tí wọ́n á sì fi sáńpépà dán.