Bí Ewé Ṣe Kúrò Lórí Òrùlé, Tí Kò Kúrò Nínú Ìkòkò

Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ nípa ewé tí a fi ń pọ́n oúnjẹ ni pé ọ̀làjú ló ń lé e lọ. Wọ́n ní páànù dé, ewé kúrò lórí ilé. Ọ̀rá dé, ewé fẹ́ kúrò lára ẹ̀kọ. Tó bá yá, àwọn ọmọ wa ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Àlàyé yìí dùn ún gbọ́, àmọ́ kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ìdílé ewéko kan náà, inú igbó kan náà, ló bo ilé tó sì pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀. Láàárín ìran méjì péré, ó ti kúrò lórí òrùlé. Nínú ìkòkò ńkọ́? Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Bó bá jẹ́ pé àìdára ewé ló fà á ni, ibi méjèèjì ni ì bá ti kúrò. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé iye ewé tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà, ọwọ́ tó ń já a, àti ilẹ̀ tó ti ń hù ló pinnu ibi tí ewé ti dúró àti ibi tó ti sá.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ewé náà. Àwọn onímọ̀ ewéko kó ewé eéran àti gbódógì sínú ìdílé tí wọ́n ń pè ní Marantaceae, orúkọ tí wọ́n fi bu ọlá fún Bartolomeo Maranta, oníṣègùn ará Ítálì kan tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ewé eéran ni wọ́n ń pè ní Thaumatococcus daniellii. Gbódógì ni Megaphrynium macrostachyum, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìlú dé ìlú àwọn méjèèjì a máa yá ara wọn lórúkọ. Ìdílé yìí bá ìdílé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tan, ó bá ti ìdò tan, ó sì bá ti atalẹ̀ àti ataare tan. Kò sí èyí tó jẹ́ igi nínú wọn. Abẹ́ ilẹ̀ ni ewé eéran ti ń rìn, ibẹ̀ ni ọ̀pá ewé ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò ga ju èèyàn lọ nígbà mìíràn, tí ewé kan ṣoṣo yóò sì là lórí rẹ̀. Níbi tí ọ̀pá ti pàdé ewé, oríkèé kan wà níbẹ̀ tó wú díẹ̀. Òun ni ewé fi ń yí ojú sí ìmọ́lẹ̀ tó bá ráyè wọlé láàárín àwọn igi ńlá.

Ìbátan tó súnmọ́ra yìí kò ní kí wọ́n wúlò bákan náà. Iṣan ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tò láti àárín lọ sí etí, ohun tó de ọ̀kan mọ́ èkejì kò sì lágbára, ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn fi ń ya á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí ìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ fi pọ́n nǹkan ní láti kọ́kọ́ fi ra iná kó lè rọ̀. Ti ewé eéran yàtọ̀: àwọn iṣan kéékèèké dábùú láàárín àwọn iṣan gígùn bí òwú inú aṣọ òfì, ewé náà sì ń tẹ̀ láìya. Alásè tó mọ̀ ọ́n ṣe yóò fi ọ̀bẹ fá ẹ̀yìn iṣan àárín títí yóò fi tẹ́, yóò ká ewé náà ṣóńṣó, yóò ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sẹ́yìn, yóò bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, yóò sì ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ dé. Àwọn ọ̀pá tó gé kúrò kì í dà nù. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ni yóò tò wọ́n sí, kí mọ́ínmọ́ín má bàa fìdí kan irin gbígbóná. Kò sẹ́ni tó gbin ohun èlò yìí, kò sì sẹ́ni tó rọ ọ́.

Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, kò gbàgbé òrùlé. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko ni wọ́n fi ń bo ilé, bẹẹrẹ ni olórí wọn. Ní ilẹ̀ igbó, gbódógì ni. Ọ̀yọ́ sọ bẹẹrẹ di ọdún ìlú, nítorí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ló ń ru koríko wá láti fi bo ààfin. Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó kò ní pápá bẹ́ẹ̀. Ewé ni igbó fún wọn. Wọ́n á la ọ̀pá ewé, wọ́n á fi kọ́ ewé mọ́ igi àjà, ìlà kan á gun ìlà kejì láti etí òrùlé lọ sókè, èéfín ààrò á sì máa gbẹ ẹ́, á máa lé kòkòrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewé ni ilé kan ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n á tún un bò. Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ náà: àna, ẹgbẹ́ àti ọmọ ilé ló ń jáde, onílé á sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu. Ilẹ̀ ìdílé tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi ni wọ́n ti ń já ewé, ọmọ onílẹ̀ kò sì ní sanwó kó tó já a. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló gbé òrùlé ewé ró: ilẹ̀ tó ń sinmi, ọwọ́ tó pọ̀, àti ewé ọ̀fẹ́.

Kòkó fọwọ́ ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti nǹkan bí 1890 lọ, wọ́n ti ń gbìn ín ní Agége àti ní ẹ̀yìn Ìbàdàn. Ó tàn dé Iléṣà àti Oǹdó lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú irin tó ti dé Ìbàdàn nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀ sì ń kó o lọ sí Èkó. Ilẹ̀ tí à bá fi sílẹ̀ kó sinmi di oko tí kì í sinmi mọ́, ewé ọ̀fẹ́ orí rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn géńdé tí à bá pè sí ọ̀wẹ̀ wà lẹ́nu kòkó tiwọn. Nígbà tí kòkó bá sì bọ́ sọ́jà, owó á wọlé gọbọi lẹ́ẹ̀kan náà, irú owó tó yẹ ká fi ra ohun tí a ó kàn lẹ́ẹ̀kan tí yóò pẹ́. Páànù ni nǹkan náà. Kò dìgbà tí ewé bá burú kí àgbẹ̀ tó ní owó tí kò ní àyè tó yan páànù.

Ẹnì kan lè sọ pé iná ni mo gbàgbé. Òótọ́ ni pé iná jó Èkó lóríṣiríṣi ìgbà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń fi òfin lé òrùlé koríko kúrò nílùú náà láàárín àwọn ọdún 1860, kí kòkó tó di nǹkan. Mo gbà á fún Èkó, mo gbà á fún gbogbo ìlú tí ilé ti fara kan ilé. Ṣùgbọ́n nínú abà, níbi tí ahéré kan ti jìnnà sí èkejì, ewé ṣì wà lórí ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ilé ńlá ìdílé nílùú ti gba páànù. Ọwọ́ ẹni kan náà ló kàn án, ọwọ́ ẹni náà ló bò ó. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù iná ni, ahéré tó ní ààrò lábẹ́ òrùlé ni ì bá kọ́kọ́ yí padà. Àwọn mìíràn á ní iyì ni, pé Àgùdà àti Sàró, àwọn tó ti Brazil àti Sierra Leone padà wá, ló fi ilé olówó han àwọn tó kù. Èyí náà wọlé. Iyì páànù kò kéré. Àmọ́ iyì kì í ra páànù fún ẹni tí kò lówó, kòkó ló sì gbé owó náà dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀.

Àríyànjiyàn tó le jù ni ti ibòji. Ewé eéran fẹ́ abẹ́ igi, kòkó sì ń ṣíji bolẹ̀; ṣé kò yẹ kí oko kòkó jẹ́ ibùgbé rẹ̀ ni? Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ewé tó ń dé ọjà lónìí, oko kòkó tó ti gbó ni wọ́n ti ń já a. Ṣùgbọ́n oko kòkó tó ń so dáadáa jẹ́ oko tí wọ́n ń ro, ọkọ́ àti àdá kì í sì í dá gbòǹgbò ewé sí. Etí oko, bèbè odò àti ibi tí olóko kò ráyè dé ló ń sá sí. Ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ tó fún ìdì ewé tí obìnrin kan lè rù lọ sọ́jà. Kò tó fún òrùlé.

Ìkòkò kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eléwé ń já a díẹ̀díẹ̀, ó ń tà á ní ìdì kéékèèké, ẹlẹ́kọ àti ẹni tó ń se mọ́ínmọ́ín sì ń ra ìwọ̀n iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí agolo mílíìkì àti ọ̀rá lé e tán láti ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti dé. Adùn tí ewé ń fi sára oúnjẹ náà wà níbẹ̀, àmọ́ adùn nìkan kì í dá ọjà sí.

Bí ẹ bá wá ọjà yìí nínú ìṣirò ìjọba amúnisìn, gẹdú àti rọ́bà lẹ ó rí, nítorí ewé kò wọ ọkọ̀ òkun. Kódà èso ewé eéran, èyí pupa onígun mẹ́ta tó máa ń so sún mọ́ ilẹ̀, tí ọmọdé ń fá inú rẹ̀ lá, ló kọ́kọ́ mú àwọn òyìnbó wo ewé náà. W. F. Daniell, dókítà ológun tó ṣiṣẹ́ ní etíkun wa, ròyìn rẹ̀ ní 1855, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lára rẹ̀ dòní. Ní 1972, àwọn onímọ̀ méjì, van der Wel àti Loeve, yọ ohun tó ń mú un dùn jáde, ohun tó fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún dùn ju ṣúgà lọ; ilé iṣẹ́ Tate & Lyle sì sọ ọ́ di ọjà. J. M. Dalziel ní tirẹ̀ ti kọ nípa àwọn ewéko tó wúlò ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú orúkọ tí Yorùbá ń pè wọ́n, nínú ìwé tó jáde ní 1937.

Wọ́n á ní ọ̀rá yóò ṣáà borí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ẹ wo ohun tí ẹlẹ́kọ ń ṣe nígbà tí ewé eéran bá wọ́n. Ewé kòkó ni ó ń wá, tàbí ewé tíìkì, igi ará Éṣíà tí àwọn aṣọ́gbó ìjọba amúnisìn gbìn kalẹ̀ fún òpó àti pákó. Tíìkì kò bá eéran tan rárá. Ìdílé ẹfinrin ni wọ́n kà á mọ́ báyìí, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti yọ ọ́ kúrò nínú ìdílé mìíràn. Ó nípọn, kò jọ̀lọ̀ lọ́wọ́, ó sì máa ń sọ ọwọ́ di pupa bí wọ́n bá rún un. Síbẹ̀ ẹlẹ́kọ tó lè rí ọ̀rá rà pẹ̀lú ìrọ̀rùn ju ìyẹn lọ ń wọ oko tíìkì lọ já a.