Oko Ilé-Ìwé: Ibi Ẹ̀kọ́ Tí Ó Di Ibi Ìyà

Ìfáàrà

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ó rántí oko ilé-ìwé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Lọ́kàn ọ̀pọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń rán ẹni tí ó pẹ́ dé láti lọ ro koríko. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti tọpa bí ibi tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ìmọ̀ ṣe di ibi ìyà, àti láti fi ohun tí olùkọ́ òde òní lè rí kọ́ nínú rẹ̀ hàn.

Kí Ilé-Ìwé Tó Dé

Ní àwùjọ Yorùbá àtijọ́, ìta ni ibi ẹ̀kọ́. Lóko ni ọmọ ti ń dá ilẹ̀ tí ó yẹ iṣu mọ̀, tí ó sì ń mọ ewé tí a ń jẹ yàtọ̀ sí èyí tí ń pani. Ó ń wo àgbà, ó ń béèrè, ó ń dán an wò, àgbà sì ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ní 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ kà sí pàtàkì jù ni Bíbélì kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò, lábẹ́ òrùlé. Bí ọ̀nà ìwé àti ọ̀nà oko ṣe pínyà nìyẹn.

Ìjọba Amúnisìn àti Oko Ilé-Ìwé

Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes, tí Thomas Jesse Jones léwájú, tí James Aggrey ọmọ Gold Coast sì wà nínú rẹ̀, rin ìrìn àyẹ̀wò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1920 sí 1921. Nínú ìròyìn wọn ti 1922, wọ́n sọ pé ẹ̀kọ́ ilé-ìwé kò bá ìgbésí ayé àti àyíká ọmọ mu tó. Ní 1925, ìjọba Bìrìtìkó gbé ìlànà jáde tí ó tẹ̀ lé èrò yìí. Ẹ̀kọ́ nípa àyíká àti iṣẹ́ àgbẹ̀ wá rí ẹsẹ̀ múlẹ̀ sí i nínú ètò ilé-ìwé.

Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ìdènà méjì kò jẹ́ kí ó so èso. Èkíní ni ìfura òbí. Wọ́n rí i pé ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń rí iṣẹ́ akọ̀wé. Oko kò ṣàjèjì sí wọn, kì í sì í ṣe nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe san owó ilé-ìwé. Ìfura yìí kì í ṣe aláìnídìí, nítorí ìjọba tí ń yin iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó ń san owó oṣù fún akọ̀wé. Èkejì ni pé ebè tí ọmọ kọ ni olùkọ́ sábà máa ń kà, kì í ṣe ìbéèrè tí ọmọ béèrè. Nígbà tí ìbéèrè kúrò nínú oko, iṣẹ́ nìkan ni ó ṣẹ́kù. Iṣẹ́ tí kò ní ẹ̀kọ́ nínú kò sì jìnnà sí ìyà.

Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ ti 1955

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní ọdún 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí S. O. Awókọ̀yà jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Iye akẹ́kọ̀ọ́, tí kò tó 460,000 ní 1954, lé ní 800,000. Àǹfààní ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n kíláàsì kún àkúnya, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó. Ó rọrùn fún irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ láti rán ogójì ọmọ lọ ro koríko ju kí ó darí wọn láti yẹ ewé kan ṣoṣo wò fínnífínní.

Ìbéèrè Padà Sóko

Ètò Sáyẹ́ǹsì fún Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1965, gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ dá lórí kòkòrò kékeré tí ń gbẹ́ kòtò sínú iyanrìn láti fi mú èèrà. Ọmọ ni yóò wá kòtò náà rí, tí yóò ju nǹkan sínú rẹ̀, tí yóò sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ kánjú dáhùn.

Ní 1970, iṣẹ́ ìwádìí tí Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi èdè kún un. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà, tí ó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì. Ọmọ tí ó mọ orúkọ kòkòrò nílé lè wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní kíláàsì láìbẹ̀rù àṣìsọ.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ilẹ̀ nìkan kì í kọ́ni. Ìbéèrè, èdè tí ó yé ọmọ àti àkókò láti wo nǹkan ni ó ń sọ ìta di ibi ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ó bá ń fi oko jẹ ọmọ níyà ń kọ́ ọ láti kórìíra ilẹ̀ àti iṣẹ́ òbí rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́niṣẹ́ mú ìbéèrè dání kí ó tó kó ọmọ jáde kúrò ní kíláàsì.