Tí Ara Ọmọ Bá Ń Gbóná, Ẹ Fi Í Sílé
Oṣù Kejì ọdún 2020 ni Kòrónà wọ Èkó. Yaba ni wọ́n ti tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́. Ní 23 oṣù Kẹta, ìjọba ti ilé ìwé pa. Nígbà tí SS3 wọlé padà ní 3 oṣù Kẹjọ, ìbòmú, ọwọ́ fífọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná ara di dandan.

Àmọ́ ẹ̀rọ yẹn ṣeé tàn jẹ. Èmi náà ti fún ọmọ mi ní Panadol rí láàárọ̀ kí n tó gbé e lọ sílé ìwé ní Surulere, torí iṣẹ́ ń pè mí. Ara rẹ̀ tutù, àrùn ò kúrò.

Ọmọ tó bá ń gbóná, tó ń wúkọ́ tàbí tí kò gbọ́ òórùn mọ́, ẹ fi í sílé, ẹ sọ fún tíṣà rẹ̀, kẹ́ ẹ pe NCDC lórí 6232. Ẹnìkan kì í kú nítorí pé kò sí nínú rẹ́jísítà.